Láti 4.88 sí 4.10: Yíyan gíà áásùlù fún Jeep Wrangler tó gba ẹ́ńjìnì V8

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Jeep Wrangler TJ ọdún 2003. Ẹ́ńjìnì lítà 4.0 onísílíńdà mẹ́fà ló bá jáde nílé iṣẹ́, pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì òtòmátíìkì 42RLE. Áásùlù iwájú rẹ̀ jẹ́ Dana 30, tẹ̀yìn jẹ́ Dana 44, gíà 3.73 (ìyẹn iye ìgbà tí ṣáàfù tó wọ áásùlù ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) ló sì wà nínú méjèèjì látilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ táyà ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi 285/75R16 sí i, apá ẹ́ńjìnì 4.0 ò ká táyà náà mọ́. Gíà kẹrin kò wúlò lórí òkè kankan, ẹsẹ̀ awakọ̀ ò sì kúrò lórí pẹ́dà epo. Wọ́n wá fi 4.88 rọ́pò 3.73 níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì fi lọ́kà, èyí tó ń mú kí táyà òsì àti ọ̀tún máa yí pọ̀, sínú áásùlù ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Fún ẹ́ńjìnì yẹn àti táyà yẹn, 4.88 bá a mu gan-an.

Ẹ́ńjìnì 4.0 náà ti jáde báyìí. Chevrolet 5.3 V8, èyí tí wọ́n ń pè ní LM7, ló wọlé, pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì tirẹ̀, 4L60E. Transfer case NP231 (àpótí gíà tó ń pín agbára sí áásùlù iwájú àti tẹ̀yìn) tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kúrò, adapter, ìyẹn irin àsopọ̀, ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì tuntun. Áásùlù méjèèjì kò kúrò, táyà kò yí padà. Ìbéèrè tó kù ni pé: gíà wo ló yẹ kó wà nínú áásùlù?

Èrò méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n fi 4.88 sílẹ̀, torí owó ti lọ lórí rẹ̀, V8 á sì kàn túbọ̀ fa ọkọ̀ dáadáa ni. Èkejì ni pé kí wọ́n padà sí 3.73 ilé iṣẹ́, torí V8 lágbára, kò nílò ìrànlọ́wọ́ gíà. Èrò kọ̀ọ̀kan ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì nìkan ni àwọn méjèèjì ń wò. Gíà áásùlù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì nìkan. Gíábọ́ọ̀sì, transfer case, táyà, àti irin tó wà nínú áásùlù fúnra rẹ̀ ní ẹnu nínú rẹ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, irin yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Kí a tó ṣírò

Ohun tí 4.10 túmọ̀ sí ni pé píníọ̀nù (gíà kékeré tí ṣáàfù ń yí) á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí kíráwùn (gíà ńlá tó ń yí táyà) tó yí lẹ́ẹ̀kan. Iye eyín ló ń bí nọ́ńbà náà: kíráwùn eyín 41 pẹ̀lú píníọ̀nù eyín 10 ni 4.10. Eyín 41 pẹ̀lú 11 ni 3.73, eyín 41 pẹ̀lú 9 ni 4.56, eyín 39 pẹ̀lú 8 ni 4.88. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ẹ́ńjìnì á ṣe yára yí tó lórí eré kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára tó ń dé táyà á ṣe pọ̀ tó. Bí àwọn kan ṣe ń pe nọ́ńbà ńlá ní gíà tó wà lókè ni àwọn mìíràn ń pè é ní gíà tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé nígbà tí wọ́n bá ń ra ọjà. Nọ́ńbà gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára áásùlù gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Páálí irin kékeré tó máa ń wà lára bọ́ọ̀tì ìdérí a máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́, kì í sọ ohun tí ẹnìkan fi síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ nu kíráwùn, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀. Bí kò bá ṣeé kà, ẹ ka eyín fúnra yín. Lórí ọkọ̀ yìí, 39 àti 8 ló wà níwájú àti lẹ́yìn, nítorí náà 4.88 jẹ́ òótọ́.

Táyà náà nílò ìwọ̀n gidi. Lórí ìwé, 285/75R16 ga ní mílímítà 834 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ṣùgbọ́n táyà tó ru ọkọ̀ kì í yí bí èyí tó dá wà lórí àga, torí ó ti fún nísàlẹ̀. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara táyà àti sí ilẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti kan ara wọn, ẹ ti ọkọ̀ lọ síwájú títí táyà á fi yí lẹ́ẹ̀márùn-ún gééré, kí ẹ wọn ilẹ̀ tó rìn. Mítà 12.72 ló jáde. Ẹ pín in sí 5, ó jẹ́ mítà 2.544 fún ìyípo kan. Ẹ pín ìyẹn náà sí 3.1416, ó jẹ́ mítà 0.81. 0.81 ni a ó fi ṣírò, kì í ṣe 0.834. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tó láti mú kí ìṣirò àti ojú ọ̀nà máa bá ara wọn jà.

Ìṣirò náà kò le. Ẹ fi 5.305 sọ eré ọkọ̀ ní kìlómítà fún wákàtí di púpọ̀, kí ẹ pín in pẹ̀lú gíga táyà ní mítà: iye ìgbà tí táyà ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹ wá fi gíà áásùlù sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi gíà inú gíábọ́ọ̀sì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí iye ìyípo ẹ́ńjìnì. Lórí 110 km/h, táyà yìí ń yí ní ìgbà 720 ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí nọ́ńbà sọ

Gíà 4L60E ni 3.06, 1.63, 1.00 àti 0.70. Ti 42RLE tó kúrò ni 2.84, 1.57, 1.00 àti 0.69. Ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ ńlá ní gíà kẹrin, ìdí nìyẹn tí ìyípadà gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò fi yanjú ohunkóhun lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ní gíà kẹrin 4L60E, tí torque converter (ohun olóìlì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì) bá ti dì, tí kò yọ̀ mọ́, ìyípo ẹ́ńjìnì lórí 110 km/h àti lórí 80 km/h nìyí:

3.73: 1,881 àti 1,368
4.10: 2,068 àti 1,504
4.56: 2,300 àti 1,672
4.88: 2,461 àti 1,790

Ẹ́ńjìnì 4.0 tó jáde ní agbára ìyí (torque) 319 Nm, lórí ìyípo 3,200. LM7 ọdún 2003 ní 441 Nm lórí 4,000, ó sì ti ń fa dáadáa kó tó dé 2,000. Láti máa mú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ sá ní 2,461 lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, nígbà tí 2,000 ti tó o láti gbé ọkọ̀ náà lọ, epo àti ariwo lásán ni. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn nínú Wrangler mọ̀ pé ariwo kì í ṣe ohun kékeré níbẹ̀.

4.88 ní wàhálà kejì, èyí tí ẹnu kì í sábà bà. Gíà kìn-ín-ní 4L60E, 3.06, tóbi ju ti 42RLE lọ. Tí a bá so ó mọ́ 4.88, ọkọ̀ á dé ìyípo 5,600 nígbà tí eré kò tíì ju 57 km/h lọ. Gíà kìn-ín-ní á tán kíákíá, táyà á máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ pẹ́dà, gíábọ́ọ̀sì á sì máa pààrọ̀ gíà ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ̀lú 4.10, gíà kan náà gùn dé 68 km/h, pẹ̀lú 3.73, ó dé 75.

Ṣé kí a lọ tààrà sí 3.73 nígbà náà? Lórí ìwé ó dára: 1,881 lórí 110 km/h. Ẹ wo nọ́ńbà kejì nínú ìlà rẹ̀. Lórí 80 km/h, 3.73 fún wa ní 1,368. Wrangler dúró bí àpótí níwájú afẹ́fẹ́, táyà rẹ̀ wúwo. Ní 1,368, òkè kékeré tàbí afẹ́fẹ́ líle kan ti tó láti mú kí torque converter tú, kí gíà kẹrin sì bọ́ sí ìkẹta, kó tún padà. Lílọ-bíbọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira awakọ̀ nìkan. Nígbà tí torque converter kò bá dì, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ló ń gba gbogbo ìyọ̀ náà sára, ooru rẹ̀ á sì gòkè. Òtítọ́ ni pé ooru ló ń pa 4L60E ju ohunkóhun lọ. Lórí 4.10, 1,504 ti kúrò níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń jà.

Fún ojú ọ̀nà tí kò dán, ẹ wo gíà kìn-ín-ní nínú low range, ìyẹn gíà jẹ́jẹ́ transfer case fún ilẹ̀ líle. NP231 ní 2.72 níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2.84 × 2.72 × 4.88, ìyẹn 37.7. Pẹ̀lú 4L60E àti 4.10, ó jẹ́ 34.1, pẹ̀lú 3.73, 31.0, bí 4.88 bá dúró síbẹ̀, 40.6. Ẹni tó ń gun àpáta lè rí 34.1 kó rò pé òun ti pàdánù nǹkan. Kó fi agbára ìyí sọ ọ́ di púpọ̀: 319 × 37.7 jẹ́ nǹkan bí 12,000 Nm ní áásùlù tẹ́lẹ̀, 441 × 34.1 sì ti kọjá 15,000 báyìí. Agbára pọ̀ sí i. Ohun tó pàdánù ni ìrọra: lórí ìyípo 650, tí ẹ́ńjìnì kàn ń sá fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yóò máa rìn ní nǹkan bí 2.9 km/h pẹ̀lú 4.10, nígbà tí 4.88 ì bá mú un rìn ní 2.4. Fún àpáta ńlá lójoojúmọ́, a máa jiyàn lórí ìyẹn. Fún ọkọ̀ tó ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀ lórí ọ̀dà, kò tó nǹkan.

4.56 ló kù láàrin. Kò burú. Ẹni tó bá ń fa àgbérù tó wúwo tàbí tó ń gbé ní ibi tí òkè kò ti dín lè yàn án. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń wí nípa rẹ̀ ni pé ó máa bá táyà ńlá mu bí wọ́n bá tún fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Pẹ̀lú táyà ìnṣì 35, 4.10 á mú ẹ́ńjìnì yìí sá ní nǹkan bí 1,940 lórí 110 km/h, tó ṣì dára fún un. Nítorí náà, ìdí yẹn kò dúró.

Ohun tó wà nínú áásùlù

Láti orí ojú ọ̀nà nìkan, 3.73 àti 4.10 ṣì lè máa jiyàn. Ibi tí carrier ti wọ ọ̀rọ̀ ni iyàn parí sí.

Carrier ni ilé irin tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀tì de kíráwùn mọ́. Bí píníọ̀nù bá kéré sí i, kíráwùn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí náà àwọn tó ṣe áásùlù ṣe carrier ní oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ojú ibi tí kíráwùn jókòó lè wà níbi tó yẹ. Lórí Dana 30, carrier kan wà fún 3.54 sísàlẹ̀, òmíràn fún 3.73 sókè. Lórí Dana 44, ààlà náà wà ní ibòmíràn: ọ̀kan fún 3.73 sísàlẹ̀, òmíràn fún 3.92 sókè.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe sí ọkọ̀ yìí. Níwájú, 3.73, 4.10, 4.56 àti 4.88 ń jókòó sórí carrier kan náà, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn, lọ́kà tí wọ́n rà nígbà tí 4.88 wọlé jẹ́ ti 3.92 sókè. 4.10 á jókòó sórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. 3.73 kò lè jókòó síbẹ̀: kíráwùn á sún mọ́ píníọ̀nù ju bó ṣe yẹ lọ. Òrùka àfikún tí wọ́n máa ń tà, òdìkejì ni ó ń ṣe. Ó ń ran nọ́ńbà ńlá lọ́wọ́ láti jókòó sórí carrier nọ́ńbà kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ 3.73 lórí áásùlù ẹ̀yìn yìí gbọ́dọ̀ ra lọ́kà mìíràn, kó sì ju èyí tó ṣì dára sílẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ ìyípo tí kò tó 190 lórí 110 km/h.

Ìdí kẹta wà nínú eyín píníọ̀nù. Agbára ìyí tó ń dé píníọ̀nù kò mọ gíà tó wà nínú áásùlù. Ẹ́ńjìnì, gíábọ́ọ̀sì àti transfer case ló ń pinnu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 319 × 2.84 × 2.72 fúnni ní nǹkan bí 2,460 Nm ní gíà kìn-ín-ní low range. Báyìí, 441 × 3.06 × 2.72 ti di 3,670, ká tó ka ohun tí torque converter máa fi kún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá há sáàrin àpáta tí kò lè yọ̀, agbára yìí ni yóò máa wá sórí píníọ̀nù Dana 30, tí kíráwùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìnṣì 7 lọ. Píníọ̀nù 4.88 ní eyín 8, ó tín-ín-rín. Ti 4.10 ní eyín 10, orí rẹ̀ tóbi, eyín tó ń ru ẹrù pa pọ̀ sì pọ̀ sí i. Ẹni tó fi V8 sí iwájú Dana 30 kò gbọdọ̀ fi píníọ̀nù eyín 8 sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí le lójú wa.

Bí áásùlù ẹ̀yìn bá jẹ́ Dana 35 dípò Dana 44, kí wọ́n má ṣe ra gíà kankan fún un rárá. Ṣáàfù rẹ̀ onílà 27, tí C-clip (òrùka irin kékeré bíi lẹ́tà C) nìkan dì mú nínú, kì í ṣe fún 441 Nm àti táyà yìí. Áásùlù mìíràn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe yan 4.10, níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí iwájú bá jẹ́ 4.88 tí ẹ̀yìn jẹ́ 4.10, nígbà tí four-wheel drive bá wọlé lórí ilẹ̀ líle, ṣáàfù iwájú àti tẹ̀yìn á máa jà nínú transfer case títí ohun kan á fi fọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe parí ẹ̀yìn lónìí kó ní iwájú á dé tó bá yá, àyàfi tó bá yọ ṣáàfù iwájú kúrò pátápátá.

Ṣíṣe iṣẹ́ náà

Fún áásùlù kọ̀ọ̀kan: kíráwùn àti píníọ̀nù tuntun, bíárín píníọ̀nù méjèèjì àti kọ́ọ̀pù wọn, bíárín carrier, síìlì píníọ̀nù, nọ́ọ̀tì píníọ̀nù tuntun, bọ́ọ̀tì kíráwùn tuntun, ṣíìmù (òrùka irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tún àlàfo ṣe) oríṣiríṣi, crush sleeve, ìyẹn irin oníhò tó ń fún pọ̀ láàrin bíárín píníọ̀nù, níbi tí áásùlù bá ń lò ó (kí ẹ ra méjì), àti ọ̀dà àmì eyín. Ẹ má lo bíárín àtijọ́ nítorí pé ó ṣì ń yí jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju owó bíárín lọ.

Lẹ́yìn, ṣáàfù Dana 44 TJ ń jáde tí a bá tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin lẹ́yìn bíréèkì. Níwájú, nọ́ọ̀tì 36 mm ló wà ní àárín hub (ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́), bọ́ọ̀tì mẹ́ta ló sì de hub mọ́ knuckle (irin tó ń yí nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọ́nà). Nígbà tí ẹ bá ń dá nọ́ọ̀tì náà padà, 237 Nm ni kó jẹ́. Kí ẹ tó tú bearing cap, ìyẹn irin tó de bíárín carrier mọ́lẹ̀, ẹ fi irin ṣóńṣó sàmì sí wọn, òsì sí òsì, ọ̀tún sí ọ̀tún, orí sókè. Ilé iṣẹ́ gé wọn pọ̀ mọ́ áásùlù yẹn ni. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, bíárín kò ní jókòó déédéé mọ́.

Ṣíìmù píníọ̀nù tó jáde pẹ̀lú 4.88 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi bíárín àtijọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀ dán an wò, kí ó lè máa wọlé jáde láìsí pẹ́rẹ́ẹ̀sì, torí ẹ ó yọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Nígbà tí ẹ bá ń de kíráwùn, ẹ nu ojú méjèèjì títí kò fi sí ìdọ̀tí kankan, ẹ fi gọ́ọ̀mù òwú bọ́ọ̀tì sí i, ẹ máa fún bọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan bọ́ sí èyí tó kọjú sí i. Ẹ má fi òòlù gbá kíráwùn wọlé. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ péré, géèjì aláago á sọ fún yín nígbà tí àlàfo eyín kò bá dúró lójú kan.

Ibi tí àkókò máa lọ sí ni àmì eyín. Ẹ fi ọ̀dà kun eyín mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ yí píníọ̀nù nígbà tí ẹnìkan ń dá kíráwùn dúró díẹ̀ kí ẹrù lè wà lórí rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ tí eyín fi ń ti ọkọ̀ síwájú. Ó yẹ kí àmì náà wà láàrin ìdí eyín àti orí rẹ̀. Bí ó bá wà lókè nítòsí orí, píníọ̀nù jìnnà jù, ẹ fi ṣíìmù kún un. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ nítòsí ìdí, ó ti wọlé jù, ẹ yọ díẹ̀. Mílímítà 0.05 sí 0.1 lẹ́ẹ̀kan náà ti tó. Àwọn kan máa ń fi àlàfo eyín tún àmì tí kò dára ṣe. Kò ní ṣe é: àlàfo a máa gbé àmì náà lọ sí ìgun eyín kan tàbí èkejì, kò lè gbé e láti ìdí lọ sí orí. Ìjìn píníọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́, kí ẹ tó wá sórí àlàfo.

Àlàfo eyín ni bí kíráwùn ṣe lè mì lọ mì bọ̀ nígbà tí píníọ̀nù dúró gbọn-in. Ẹ fi géèjì aláago wò ó ní ibi mẹ́rin yípo kíráwùn. Láàrin mílímítà 0.15 àti 0.25 ni kó wà, bí ìwé tó bá gíà yín wá kò bá sọ ohun mìíràn. Ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ ń tún un ṣe nípa gbígbé ṣíìmù láti ẹ̀gbẹ́ kan carrier sí èkejì, kí àpapọ̀ rẹ̀ má yí padà, kí ìfúnpọ̀ bíárín carrier má bàa sọnù.

Ìfúnpọ̀ bíárín píníọ̀nù: bíárín tuntun, láàrin 2 àti 4 Nm láti yí píníọ̀nù nìkan, láìsí carrier nínú rẹ̀. Ẹ fi spánà tó ń ka díẹ̀díẹ̀ wò ó, kì í ṣe ọwọ́. Nọ́ọ̀tì tó ń fún crush sleeve pọ̀ nílò agbára púpọ̀ títí sleeve á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá kọjá 4, ẹ má tú nọ́ọ̀tì padà sẹ́yìn kí ẹ ní ó ti bọ́ sójú. Sleeve tó ti fún pọ̀ kì í gbòòrò padà. Píníọ̀nù á máa mì nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìkejì sí i. Ìdí tí a fi ní kí ẹ ra méjì nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà àti mítà eré

Iṣẹ́ tó parí nínú áásùlù kò tíì parí nínú ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà LM7 ló ń pinnu ìgbà tí 4L60E máa pààrọ̀ gíà, òrùka eyín 40 tó wà lórí ṣáàfù àbájáde ló sì ń sọ eré fún un. Táyà yìí ń yí ní ìgbà 393 lórí kìlómítà kan. Nítorí náà, 40 × 393 × 4.10 ni iye àmì tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ retí lórí kìlómítà kan, ìyẹn nǹkan bí 64,450. Lórí 4.88, ó jẹ́ nǹkan bí 76,700. Bí ẹ bá gbàgbé láti yí i padà, kọ̀ǹpútà á ka 84 nígbà tí ọkọ̀ ń sá ní 100. Gíà á máa wọlé pẹ́, torque converter á máa dì pẹ́, ẹni tó ń wa ọkọ̀ á sì sọ pé gíà tuntun kò dára.

Ibi tí òrùka náà wà ṣe pàtàkì. Bí adapter bá gbé e síwájú transfer case, kọ̀ǹpútà á rí gíábọ́ọ̀sì dáadáa nínú low range, ṣùgbọ́n á rò pé eré ọkọ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.72 òótọ́. Bí ó bá wà lẹ́yìn transfer case, kọ̀ǹpútà á rí i pé ẹ́ńjìnì ń yí ju àbájáde lọ, á rò pé gíà ń yọ̀, á sì tan iná àṣìṣe, àyàfi bí wáyà tó ń sọ fún un pé low range ti wọlé bá ti so mọ́ ọn. Ẹ so wáyà náà. Bí sẹ́ńsọ̀ Jeep oníke kékeré bá ṣì ń bá mítà iwájú ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ gíà oníke rẹ̀ náà: iye eyín àtijọ́ × 4.10 ÷ 4.88. Eyín 37 á di 31.

Lójú ọ̀nà

Ọ́ìlì lítà 1.9 fún Dana 44, 1.2 fún Dana 30, 80W-90 tàbí 75W-140 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe lọ́kà àti gíà bá ṣe sọ. Ìrìn àkọ́kọ́ jẹ́ kìlómítà 25 sí 30, jẹ́jẹ́, láìtẹ pẹ́dà dópin. Ẹ dúró kí áásùlù tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún rin bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Gíà tuntun ń gbóná nígbà tí ojú eyín ń bára wọn mu, ooru tó bá pọ̀ jù lákòókò yẹn a máa mú eyín rọ̀. Kí ẹ má ṣe fa àgbérù kankan títí di kìlómítà 800.

Lórí 100 km/h tí GPS kà, ní gíà kẹrin, ìyípo tó yẹ kó hàn jẹ́ 1,880. Bí ó bá ń fi 100 sí 250 ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń gòkè tí ẹ bá tẹ pẹ́dà díẹ̀, torque converter kò tíì dì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí wáyà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíà. Bí áásùlù bá ń hu bí fèrè nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ padà lọ wo àmì eyín. Bí ó bá ń dún gbàmù nígbà tí ẹ bá ti ń yí láti reverse sí drive, àlàfo ti pọ̀ jù, tàbí U-joint (oríkèé ṣáàfù) ti jẹ. Bí ìdí áásùlù bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, bíárín ló fún jù.

Ní kìlómítà 800, ẹ da ọ́ìlì náà nù, ẹ sì wo mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára ìdérí tàbí lára ohun tí wọ́n fi dí ihò ọ́ìlì. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tó rọ̀ bí eérú kì í ṣe ẹ̀rù, ojú eyín tuntun ló bọ́. Ègé irin tó ń dán, tí ọwọ́ lè mú, ẹ má fi ọ́ìlì tuntun bò ó: ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà, kí ẹ ka eyín píníọ̀nù, kí ẹ sì wo bíárín rẹ̀.